Ìkíni Tí Mo Kà sí Èébú

Nígbà tí mo wà ní yunifásítì, àádọ́ta kọ́bọ̀ ni oúnjẹ ẹ̀ẹ̀kan, ẹran á wà lórí rẹ̀, ọjọ́ Àìkú sì ni ọjọ́ adìẹ. Kí n tó dé yunifásítì rárá, nígbà tí a ṣì ń ná pọ́n-ùn àti ṣílè, tọ́rọ́ ni ìyá mi máa ń fún mi lọ sílé-ìwé ní Ṣàgámù. Mo máa fi ra ẹ̀kọ àti mọ́ín-mọ́ín, màá yó, ṣéńjì á tún kù lápò. Gálọ́ọ̀nù epo bẹntiróòlù kan kò tó náírà kan. Lónìí, lítà kan ṣoṣo ń lọ sí ẹgbẹ̀rún náírà. Nígbà tí bọ́ọ̀sì tí èmi àti ọ̀rẹ́ mi fi ṣe ilé ṣì ń rìn, kò tíì wọ́n tó bẹ́ẹ̀, síbẹ̀ bọ́ọ̀sì náà ń mu ún bí ọ̀mu ṣe ń mu ẹmu. Búrẹ́dì tí mo rà lánàá, ẹgbẹ̀rún kan ààbọ̀ ni. Mo fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́, afẹ́fẹ́ ló jáde.

Inú ń bí mi. Mo tètè sọ ọ́ kí ẹni tó bá ń retí bàbá arúgbó tí yóò máa rẹ́rìn-ín músẹ́, tí yóò máa ṣàdúrà fún gbogbo ayé, lè tètè wá ìwé mìíràn kà.

Bọ́ọ̀sì ilé-ìwé ni bọ́ọ̀sì wa tẹ́lẹ̀. Ó gùn, ó ní táyà mẹ́fà, àwọ̀ yẹ́lò ara rẹ̀ ti ṣá di àwọ̀ ẹ̀bà àná. Ọ̀rẹ́ mi tí a jọ wà ní yunifásítì ló rà á ní gbàǹjo. Tíṣà ni mo ń pè é, nítorí ó kọ́ àwọn ọmọ ní Jọ́gíráfì títí ó fi fẹ̀yìn tì. Ó ní gbogbo odò àti òkè tí òun ti ń fi igi tọ́ka sí lórí máàpù láti ọjọ́ yìí wá, òun fẹ́ fojú rí díẹ̀ nínú wọn kí òun tó kú. Èmi ní tèmi, ìyàwó mi ti kú, ẹni tó sì ni ilé tí mo ń gbé ní Ìbàdàn ti fi owó kún owó ilé lẹ́ẹ̀mejì láàrin ọdún kan. Owó ìfẹ̀yìntì mi kò ká ilé yẹn mọ́. A yọ àga inú bọ́ọ̀sì dànù, a to ibùsùn sí i, a de dúrọ́ọ̀mù omi mọ́ orí rẹ̀, a gbé sítóòfù onígáàsì sẹ́yìn àga awakọ̀. Ibi gbogbo tí a bá dé ni àwọn ọmọdé ti ń sá tẹ̀ lé wa, tí wọ́n ń pariwo pé, “Ilé onítáyà! Ilé onítáyà!”

Iṣẹ́ ìgbà-dé-ìgbà ni a fi ń jẹun. Tí ọyẹ́ bá ń lọ, a ó wà ní agbègbè Ògbómọ̀ṣọ́, a ó máa bá wọn ṣa kajú. Tí òjò bá dé, a ó kọrí sí Òkè-Ògùn, níbi tí àwọn olóko ńlá ti ń wá ẹni tí yóò bá wọn ṣa irúgbìn, tí yóò sì bá wọn yẹ ẹ̀wà wò. Tí òjò bá ti ń kásẹ̀ nílẹ̀, ìgbà obì dé nìyẹn, a ó wá ọ̀nà Rẹ́mọ. Kò sẹ́ni tó lè fún wa ní àdá tàbí ọkọ́ lọ́jọ́ orí wa. Iṣẹ́ ojú àti ìka la ń wá: ká ṣa èyí tó dára, ká ju èyí tí kòkòrò ti jẹ nù.

Ògbómọ̀ṣọ́ ni ẹni kẹta wa ti bá wa. Nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì ni, opó, ọmọ Èkìtì. Òun náà ń ṣa kajú níbẹ̀. Ó rí bí oje kajú ṣe bó Tíṣà lọ́wọ́, ó bú u, ó fọ ọwọ́ náà, ó dì í, lọ́jọ́ kẹta ó bi wá bóyá àyè wà nínú ọkọ̀. A fi pákó gé ẹ̀yìn bọ́ọ̀sì fún un, a kan ilẹ̀kùn, ó ra kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀. Láràárọ̀, kí a tó mu tíì, ó ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru wa. Tí tèmi bá ga, á ní, “Ta lẹ tún bá jà lójú àlá, Bàbá Rẹ́mọ?” Tíṣà á ní, “Gómìnà ni.”

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó sọ mí di oníjà. Ibi gbogbo tí a bá wa bọ́ọ̀sì yẹn dé ni wọ́n ti ń bi wá léèrè ilé. Ọlọ́pàá á dá wa dúró lójú ọ̀nà. “Bàbá, níbo lẹ ń gbé?” “Inú ibí.” “Ilé ni mo ń béèrè.” “Inú ibí náà ni.” Á wò mí, á wo èkejì rẹ̀, wọ́n á bú sẹ́rìn-ín. Ní oko kan, akọ̀wé kan tí kò tíì tó ọmọ ọmọ mi mú fọ́ọ̀mù jáde. Ó béèrè àdírẹ́ẹ̀sì mi. Mo ṣàlàyé fún un. Kò jẹ́ kí n parí ọ̀rọ̀. Ó kọ “kò ní ilé” síwájú orúkọ mi, lójú mi báyìí, lẹ́tà gàdàgbà gàdàgbà, bí ẹni tó ń kọ nǹkan sára ẹ̀yìn lọ́rì. Èmi tí bàbá mi bí sínú agbo ilé ní Òfin, ní Ṣàgámù, tí wọ́n sin ìwọ́ mi síbẹ̀! Láti ọjọ́ náà ni ọ̀rọ̀ ilé ti di eéwo sí mi lára. Ẹni tó bá sún mọ́ ọn, màá jágbe.

Báyìí ni a ṣe dé Likosi, ní agbègbè Ṣàgámù, ní ìgbà obì àkọ́kọ́ tí a wá síbẹ̀, ọdún mélòó kan sẹ́yìn. A wa bọ́ọ̀sì wọ ibi ìlagi kan tí wọ́n ti pa tì lẹ́bàá títì. Tírélà ń kọjá tọ̀sán-tòru, eruku wọn ń bà lé ọbẹ̀ wa. Mo ń fi ibi tí mo ti ń ká àgbálùmọ̀ nígbà èwe mi han àwọn méjèèjì, ògiri gàgàrà ló wà níbẹ̀, wọ́n fi wáyà ẹlẹ́gùn-ún yí i ká, wọ́n kọ ọ́ sí i pé kí ẹnikẹ́ni má tọ̀ síbẹ̀. Oko ọ̀pọ̀ ẹbí ló wà lábẹ́ ògiri yẹn. Ta ló tà á? Àwa náà ni. Àwọn ọmọ bàbá wa ni wọ́n tà á, wọ́n fi ra mọ́tò, mọ́tò ti bàjẹ́.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ tí a dé, ọmọ Ìyá Nọ́ọ̀sì pè é láti Èkó. Bí etí ìyá ṣe wúwo díẹ̀, gbogbo wa ni a jọ ń gbọ́ tẹlifóònù rẹ̀.

“Mọ́mì, ó tó gẹ́ẹ́. Yàrá kan ti wà lẹ́yìnkùlé fún yín. Ẹ wá máa bá wa wo àwọn ọmọ.”

“Ṣé èmi ni tàbí ọmọ-ọ̀dọ̀ lẹ ń wá?”

“Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ̀yin àti ọkùnrin méjì nínú mọ́tò! Kí ni mo fẹ́ sọ fún àwọn àna mi?”

Ìyá gbé tẹlifóònù sí etí kejì. Lẹ́yìn náà ó ní, “Ó dáa. Tí mi ò bá ríṣẹ́ ní Ṣàgámù yìí, màá wá. Tí mo bá ríṣẹ́, kó o fi mí sílẹ̀.”

Bó ṣe pa tẹlifóònù, ó wo ojú mi. Ohun tí ojú rẹ̀ ń sọ yé mi: ìlú mi la wà, ọwọ́ mi ló wà. Mo ti ń fọ́nnu láti Òkè-Ògùn pé kò sí ìsọ̀ obì tí wọn kò ti ní mọ̀ mí ní Ṣàgámù. Mo sì mọ̀ pé tí ó bá lọ, bọ́ọ̀sì náà kò ní jẹ́ nǹkan kan mọ́ ju ibi tí arúgbó méjì jókòó sí, tí wọ́n ń retí ikú.

Lọ́jọ́ kejì a wa ọkọ̀ lọ sí ìsọ̀ tí wọ́n júwe fún wa lẹ́yìn ọjà. Abẹ́ páànù gbọọrọ kan ni. Obìnrin bí ogún jókòó yí òkìtì gbànja ká. Wọ́n ti rẹ obì náà sómi kí awọ funfun ara rẹ̀ lè rọ̀. Wọ́n ń fi ìka bó o, wọ́n ń ṣàn án, wọ́n ń yí ọ̀kọ̀ọ̀kan wò bóyá kòkòrò ti lu ú, wọ́n ń ṣa pupa sọ́tọ̀, funfun sọ́tọ̀. Ìka wọn ti pọ́n bí ẹni tó lé làálì. Mo mọ iṣẹ́ náà dáadáa, ẹ̀gbẹ́ ìyá mi ni mo ti kọ́ ọ.

Àlàájà tó ni ìsọ̀ jókòó sórí àpótí, ìbòrí funfun lórí rẹ̀. Yóò ti lé díẹ̀ ní ọgọ́ta ọdún. Ó fi ojúlówó ohùn Rẹ́mọ kí wa káàbọ̀. Èmi tí mo ti pẹ́ níta, èdè àwọn oníròyìn rédíò ni mo fi dá a lóhùn. Ó wò mí dáadáa. Lẹ́yìn náà ó gbójú sókè wo bọ́ọ̀sì tó wà lẹ́yìn mi, ó ní:

“Bàbá, ilé ńkọ́?”

Obìnrin kan nínú wọn rẹ́rìn-ín. Mi ò mọ ohun tó ń pa á lẹ́rìn-ín, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ọ̀rọ̀ tí wọ́n ti ń sọ bọ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí mo rí ni ojú Àlàájà lára bọ́ọ̀sì wa, ọ̀rọ̀ tí mo sì gbọ́ ni ilé.

“Ilé ló wà níta yẹn!” ni mo wí. “Táyà mẹ́fà ló ní! Ṣé ẹ fẹ́ wá kà á ni?”

Gbogbo ìka tó ń bó obì dúró.

Ọmọ ọdún mẹ́ta mọ ohun tí a fi ń dáhùn “ilé ńkọ́”. Wọ́n wà. A dúpẹ́. Ó parí. Kò sí àgbàlagbà kan ní gbogbo ilẹ̀ Yorùbá tí wọ́n béèrè àlàáfíà ìyàwó àti ọmọ rẹ̀ tó wá ń ka táyà. Ó yé mi kí ọ̀rọ̀ tó kúrò lẹ́nu mi tán, ṣùgbọ́n ó ti kúrò.

“Bàbá,” Àlàájà sọ ọ́ jẹ́jẹ́, “mo kí yín ni o.”

“Àlàájà, ẹ kí mọ́tò náà lọ́tọ̀!” Obìnrin tó rẹ́rìn-ín lẹ́ẹ̀kan ló wí bẹ́ẹ̀. “Inú mọ́tò ni ò dùn sí i!”

“Ẹ bá mi kí táyà ẹ̀yìn o!” òmíràn gbè é. Abẹ́ páànù hó yéè.

Ìyá Nọ́ọ̀sì ti wà lórí ìkúnlẹ̀. “Ẹ má bínú, Àlàájà. Ọ̀nà ló jìn, ó ti rẹ̀ wọ́n ni.”

“Kò rẹ̀ mí!” ni mo wí. Títí di òní, mi ò mọ ẹni tó rán mi.

Àlàájà mi orí. “Iṣẹ́ lẹ wá wá, àbí? Mo rí i lójú yín, mo sì ń wá èèyàn. Ṣùgbọ́n ẹni tí mo kí tó fẹ́ bù mí jẹ, tí mo bá ní kó tún obì rẹ̀ bó ńkọ́? Ẹ máa lọ o. Ọ̀nà á dáa.”

Nínú bọ́ọ̀sì, Tíṣà kò tíì ṣíná ọkọ̀ tó fi bẹ̀rẹ̀. “Ìwọ ọkùnrin yìí, ìlú ta la wà yìí? Ṣebí ìwọ lo ní kò sẹ́ni tí ò mọ̀ ọ́?”

“Wọn ò mọ̀ mí mọ́.”

“Wọ́n ti wá mọ̀ ọ́ báyìí.”

Mo gbọ́ ohùn ṣẹ́ẹ́rẹ́ṣẹ́ẹ́rẹ́ lẹ́yìn pákó. Mo wo ibẹ̀. Ìyá Nọ́ọ̀sì ń ká ìró rẹ̀ sínú báàgì, ó ń fi ọwọ́ tẹ́ ẹ, létí-létí, bí wọ́n ṣe ń tẹ́ ibùsùn aláìsàn.

“Bàbá Rẹ́mọ, ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀. Mi ò bínú. Mo kàn ń di ẹrù mi ni.”

Ì bá sàn kó gbá mi létí.

Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, mo gun ọ̀kadà lọ sí agbo ilé bàbá mi ní Òfin. Ọmọ àbúrò bàbá mi ni olórí ẹbí nígbà náà, mo jù ú lọ ní ọdún mẹ́fà. Mo ní kó bá mi lọ bẹ Àlàájà. Ó ti gbọ́. Ọ̀rọ̀ a máa gun ọ̀kadà tó yá ju tèmi lọ.

“Bọ̀ọ̀dá, ẹ jẹ́ ká bo àṣírí ara wa,” ó wí. “Ọmọ ilé wa kì í sùn nínú mọ́tò. Yàrá wà níbí. Ẹ wa ohun yẹn kúrò lójú títì, ẹ dá a padà fún ẹni tó ni ín. Lọ́la, màá mú yín lọ bá Àlàájà fúnra mi, ẹ ó sì rí iṣẹ́ yín.”

“Àwọn tí mo bá wá ńkọ́?”

“Kí ló kan ilé yìí nínú wọn? Wọ́n tiẹ̀ ní obìnrin kan wà níbẹ̀. Ẹ̀yin méjì, obìnrin kan!” Ó rẹ ohùn sílẹ̀. “Kí lobìnrin náà ń ṣe níbẹ̀, Bọ̀ọ̀dá?”

“Ó ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru mi,” ni mo wí, “tó bá wà níbí báyìí, ẹ̀rọ náà á bẹ́.”

Mo jáde. Àwọn tó ta oko ra mọ́tò ló ń kọ́ mi ní ìtìjú mọ́tò! Mo fẹsẹ̀ rìn títí ẹ̀gbẹ́ fi ń dùn mí. Ìbínú mi kò jẹ́ kí n ronú dáadáa, ṣùgbọ́n mo ronú díẹ̀. Tí mo bá gbà fún un, èmi nìkan ni màá ríṣẹ́, àwọn tí mo tìtorí wọn wá kò ní rí nǹkan kan. Kò sí ẹni tí yóò bá mi bẹ̀bẹ̀ mọ́ ju ẹnu tó ba ọ̀rọ̀ jẹ́ lọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo dá lọ sí ìsọ̀. Mo dúró sínú oòrùn, mi ò wọ abẹ́ páànù.

“Ẹ tún ti dé,” Àlàájà wí.

“Mo wá bẹ̀ yín ni. Mo ṣì yín gbọ́. Gbogbo ibi tí a ń dé ni wọ́n ti ń fi ọ̀rọ̀ ilé bú mi, mo rò pé ẹ̀yin náà ni.”

“Ṣé ẹ ò nílé ni?” Ó béèrè rẹ̀ láìfi nǹkan kan bò ó, bí ẹni tó fẹ́ mọ̀.

Mo sọ orúkọ agbo ilé bàbá mi fún un. Ojú rẹ̀ là. “Háà! Ní Òfin? Ọmọ ilé yẹn lẹ jẹ́, lẹ wá ń sọ èdè òkèèrè sí mi létí? Ìyá mi ra obì lọ́wọ́ ìyá yín! A jọ jókòó síbi àwo obì kan náà rí, àfi tí ẹ bá ti gbàgbé!”

Inú mi dùn. Mo rò pé ó parí. Mo ti ń wo ibi tí màá jókòó sí.

“Ó wá tún burú sí i,” ó wí. “Àlejò ni mo pè yín lánàá. Mo ti dárí jì yín kí n tó sùn, mo ní àlejò ni, kò mọ̀ ọ́n. Ọmọ onílé mọ ìkíni, bàbá. Àwọn obìnrin tí ẹ ń wò yìí, ọ̀rọ̀ ẹnu ni wọ́n fi ń gbàgbé ìka tó ń ta wọ́n. Tí mo bá fi yín sáàárín wọn, kálukú á panu mọ́.” Ó mú obì kan, ó yí i wò, ó jù ú sọ́tọ̀. “Àwọn àlejò yín méjèèjì, kí wọ́n máa bọ̀ lọ́la. Ìyá yẹn mọ̀wàhù. Ẹ̀yin, ẹ lọ jókòó sílé.” Ó wo ojú títì. “Èyíkéyìí tó bá wù yín nínú méjèèjì.”

Bó ṣe rí nìyẹn. Ní ìlú tí wọ́n bí mi sí, lẹ́nu iṣẹ́ tí ìyá mi kọ́ mi, Tíṣà ọmọ Iléṣà àti ìyá ọmọ Èkìtì ríṣẹ́, èmi ń pọn omi. Ìgbà obì náà tán, n kò fọwọ́ kan obì kan níbi iṣẹ́. Mo ń dáná, mo ń gbá ilẹ̀ ibi ìlagi, mo ń fi ìbínú ro ẹ̀bà. Nírọ̀lẹ́, wọ́n á dé pẹ̀lú ìka pupa, Tíṣà á máa fi èdè Rẹ́mọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ pàṣẹ fún mi pé kí n gbé omi wá. Ọ̀rọ̀ méjì tó bá sọ, ọ̀kan kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Mi ò tún un ṣe fún un.

Ìyá Nọ́ọ̀sì tú ẹrù rẹ̀. Ọmọ rẹ̀ pè.

“Mo ti ríṣẹ́,” ó wí.

“Iṣẹ́ kí ni, Mọ́mì?”

“Obì ni mò ń bó.”

“Ẹ̀yin tí ẹ ti ṣe mátírọ́ọ̀nù!”

“Wọn kì í pè mí ní mátírọ́ọ̀nù níbẹ̀. Ìyá Àlejò ni wọ́n ń pè mí. Ó dùn mọ́ mi. Kí àwọn ọmọ náà o.” Ó pa tẹlifóònù, ó ń kọrin lọ sẹ́yìn pákó rẹ̀.

Lọ́jọ́ kan, ó gbé ọ̀rá kékeré kan fún mi. Obì tí kòkòrò ti lu ló wà nínú rẹ̀. “Àlàájà ní kí n kó o fún bàbá tó ń bínú.” Mo ní n kò jẹ ẹ́. Nígbà tí wọ́n lọ síbi iṣẹ́ lọ́jọ́ kejì, mo fi ọ̀bẹ gé ibi tó níhò kúrò, mo jẹ gbogbo rẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó korò, ó sì dára. N kò dárí ji ẹnikẹ́ni.

Ìyá Nọ́ọ̀sì bá wa rìn fún ìgbà obì méjì sí i lẹ́yìn ìyẹn, ìdí tí mo fi ń kọ èyí nìyẹn. Ọdún méjì tí ì bá fi máa wo ọmọ ọlọ́mọ lẹ́yìnkùlé, ó fi rí odò, ó fi rí òkè, ó fi bú èmi àti Tíṣà láràárọ̀. Àìsàn ló gbé e lọ sí Èkó níkẹyìn, yàrá ẹ̀yìnkùlé yẹn náà ló kú sí. Bọ́ọ̀sì ti di ti àwọn alájókù irin. Olórí ẹbí wa ti kú, ó sùn, kò jí. Àlàájà wà láàyè, ọmọ rẹ̀ obìnrin ló ń jókòó sórí àpótí báyìí. Obìnrin tó ní ká bá òun kí táyà ẹ̀yìn, mo bi wọ́n léèrè rẹ̀ lọ́dún tó kọjá, wọ́n ní ó lọ sí Kotonú, wọn ò gbúròó rẹ̀ mọ́. Nínú àwa tí a jọ jẹ adìẹ àádọ́ta kọ́bọ̀ ní tábìlì kan ní yunifásítì, ó ku èmi, ó ku ọ̀kan tó wà ní Jọ́ọ̀sì tí kò dá ẹnikẹ́ni mọ̀ mọ́, ó ku Tíṣà. Ọ̀kan nínú ojú Tíṣà ti fọ́, ọ̀dọ̀ ọmọ rẹ̀ obìnrin ló wà ní Iléṣà, ṣùgbọ́n títí di àárọ̀ àná tí mo pè é, ó wà láàyè.